Àtúnṣe: Ọmọ ọdún 3 tó ń tọ̀ sílé kì í ṣe ọ̀lẹ

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé ọmọkùnrin tó ti mọ póò lò lọ́sàn-án àmọ́ tó ṣì ń tọ̀ sílé lóru, ọ̀lẹ ni. Kí ẹ nà án, kí ẹ má sì fún un lómi láti ọ̀sán. Irọ́ ni o.

Ti ọ̀sán yàtọ̀ sí ti òru. Lójú oorun, ọpọlọ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àpò ìtọ̀ ti kún, kó sì jí ọmọ. Ìyẹn máa ń gba àkókò, ẹgba ò sì lè yá a. Nínú 100 ọmọ ọdún 5, bíi 15 ṣì ń tọ̀ sílé, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Omi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó mu ún dáadáa lọ́sàn-án. Bí omi ò bá tó lára ọmọ, ìgbẹ́ rẹ̀ á le, ìgbẹ́ líle á máa ti àpò ìtọ̀, ẹ ó tún máa fọ aṣọ ibùsùn ju tàná lọ. Ẹ yẹ inú póò wò: bó bá ń ya kóróbótó bíi ti ewúrẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ bí ọmọ tí kò tọ̀ sílé mọ́ fún oṣù 6 bá ṣàdédé padà sí i, tàbí tó ń sunkún bó bá ń tọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.