Ẹni tí ìṣòro dá wó, ojo kọ́

Ọdún 14 ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi bá iléeṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fi ìwé gbélé-ẹ lé wọn lọ́wọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí oorun fi dá lójú wọn. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun. Bí fóònù bá dún, àyà wọn á já. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń rò tọ̀sán tòru, débi pé wọn ò lè kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwa ará ilé wá ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe bí ọkùnrin. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pàdánù iṣẹ́ ni?" Èmi gan-an sọ ọ́, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ojo lẹni tí wàhálà dá wó. Bí a ò bá pè é ní ojo, a ó ní ayé ló ń ṣe é, ká máa gbé e lọ sórí òkè. Àdúrà ò burú, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ àìsàn yìí ní orúkọ nílé ìwòsàn: adjustment disorder. Ó wà nínú ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ko àwọn àìsàn jọ sí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022. Ọkàn aláìsàn kì í kúrò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ á sì dàrú. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kan tí ìṣòro dé. Bí ìṣòro náà bá ti kọjá, ó máa ń lọ láàárín oṣù mẹ́fà.

Bí ìṣòro náà bá ti kọjá! Ibẹ̀ ni "ọjọ́ á gbé e lọ" tí a máa ń sọ ti kùnà. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, mélòó nínú wa ni ìṣòro rẹ̀ ti kọjá? Onílé ṣì ń kanlẹ̀kùn, olówó èlé ṣì ń pè. Ẹni méjì lè pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan ní ìyàwó tó ń ṣòwò àti ọ̀rẹ́ tó ń bá a sọ̀rọ̀, kí èkejì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìkọ̀sílẹ̀ dé, kó wà lóun nìkan. Bí èkejì bá ṣubú, kí ló kan ìgboyà níbẹ̀?

Ìtọ́jú rẹ̀ kò sì rí bí a ṣe rò. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni gbòǹgbò, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Oògùn kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe máa ra Valium tàbí Lexotan lọ́dọ̀ onítajà oògùn láti fi sùn. Wọ́n máa ń di bárakú. Bí ìbànújẹ́ bá wúwo ju báyìí lọ, ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn tó ní ìtọ́jú tirẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà wò ó. Bí ẹ bá sì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé "ikú yá jù," ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tó ń dẹ́rù ba ẹ̀gbọ́n mi ni pé bí wọ́n bá lọ sílé ìwòsàn, àwọn èèyàn á ní wọ́n ti ya wèrè, wọn á tì wọ́n mọ́lé. Bẹ́ẹ̀, láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò l'Ábẹ́òkúta máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ti ẹ̀gbọ́n mi ò sì tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé ni wọ́n ti ń lọ.

Obìnrin tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn nílé ìwòsàn ní kí wọ́n kọ gbogbo gbèsè sínú ìwé, kí wọ́n mú ẹyọ kan péré. Wọ́n mú owó ilé. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n pe onílé. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n sọ̀rọ̀ náà tán, onílé sì fún wọn ní oṣù méjì. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sùn.