Ẹni tó gé àpòlúkù ẹ̀ kù ò gba ọ̀nà àbùjá kankan o

Tí gbajúmọ̀ kan bá ti déédéé jò báyìí, tí ariwo sì gba ìgboro pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé àpòlúkù kù ló lọ ṣe, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ, "ọ̀nà àbùjá ló gbà", "owó ló fi jò", "ọ̀lẹ ni, ṣé kò lè sáré ni", àti èyí tó máa ń dùn mí jù, "ó ti bọ́ nìyẹn, kò lè sanra mọ́ láéláé, ó lè máa jẹ ohun tó bá wù ú." Àwọn tó ń sọ ọ́ pọ̀ o. Àwọn tó gbà á gbọ́ tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà àwọn míì tó ń tu owó jọ láti lọ ṣe é, yálà ní ọsibítù aládàáni l'Ékòó tàbí ní Turkey, ohun tó wà lọ́kàn tiwọn náà nìyẹn, pé tí wọ́n bá ti lajú lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wàhálà oúnjẹ ti tán. Irọ́ ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe é níbí ní London, èmi ni mò ń bá a lọ sí ọsibítù, èmi náà ni mo dáná fún un lẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàn wù ú kó wọ aṣọ tó fún. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, orúnkún ò gbé e mọ́. Ní ìlú yìí, BMI, ìyẹn ìṣirò bí èèyàn ṣe wúwo tó sí gíga ẹ̀, tó bá ti tó 40 ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó fi orúkọ èèyàn ránṣẹ́, tàbí 35 tí àìsàn tí sísanra ń fà bá ti wà lára ẹ̀, àmọ́ láti 2023, NICE, ìyẹn àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà England, ti ní wọ́n lè yọ 2.5 kúrò nínú ẹ̀ fún àwa tó wá láti ilẹ̀ adúláwọ̀ àti fún àwọn ará Éṣíà, torí àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà máa ń tètè ká wa mọ́, kódà tá ò bá tíì tóbi tó òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà níbí ni ò mọ̀, ẹ bi GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú sleeve, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù, ó tiẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ dànù pátápátá, èyí tó kù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú bypass, tí Edward Mason àti Chikashi Ito kọ́kọ́ ṣe ní Iowa l'Ámẹ́ríkà ní 1966, wọn kì í yọ àpòlúkù dànù, wọ́n á pààlà sí i lókè, ibi kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn ò lè gbà ju nǹkan bíi 30 ml lọ, ìyẹn síbí ìjẹun ńlá méjì, wọ́n á wá fa ìfun wá síbẹ̀ kí oúnjẹ lè fo apá ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Ẹ rántí ibi tí oúnjẹ fò kọjá yẹn o, màá padà síbẹ̀.

Òótọ́ ni pé ebi máa ń lọ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n gé nínú sleeve ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú họ́mọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ ghrelin, òun ló máa ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá, bypass náà sì máa ń yí àwọn họ́mọ́ọ̀nù inú ìfun padà, ìdí nìyẹn tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì fi máa ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kó tiẹ̀ tó jò rárá. Torí náà mi ò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ abẹ ò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Àmọ́ ebi ọ̀tọ̀, kó máa wu èèyàn jẹ ọ̀tọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé tí inú ẹ̀ ò bá dùn oúnjẹ ló máa ń sá lọ bá, ẹni tó ń panu láti ìrọ̀lẹ́ títí fíìmù á fi parí lóru, kò sí dókítà tó lè fi abẹ gé ìyẹn kúrò.

Kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pàápàá, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi máa ń ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe é jẹ oúnjẹ táṣẹ́rẹ́ tí kò ní sítáàṣì púpọ̀ kí ẹ̀dọ̀ lè sún kì, torí ẹ̀dọ̀ tó bá kún fún ọ̀rá máa ń bo ibi tí dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ méjì míì ni ohun mímu nìkan, omi, omi ọbẹ̀ tí wọ́n sẹ́, wàrà, kó máa fẹnu kàn án díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, lẹ́yìn náà èyí tó rọ̀. Á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó máa jẹ oúnjẹ gidi, èyí tó sì máa jẹ ò ju ohun tí à ń bù fún ọmọ kékeré lọ.

Ibi tó ti le jù fún àwa Yorùbá ni òkèlè, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ọ́ fún wa, torí ìwé tí wọ́n kó fún wa, búrẹ́dì àti pasta ló kún inú ẹ̀. Ṣebí àwa kì í jẹ òkèlè lẹ́nu? A máa ń gbé e mì ni. Ọmọ tó bá ń jẹ iyán lẹ́nu, wọ́n á bi í pé kí ló ń ṣe é. Ẹni tó bá wá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rún kúnná, ogún ìgbà ó kéré tán, kó tó gbé e mì, kó sì tún dúró díẹ̀ kó tó fi òmíràn sí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ dán àmàlà wò, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tó rò pé ara òun ti mókun, òkèlè kékeré kan ló gbé mì bó ṣe máa ń gbé e mì tẹ́lẹ̀, ó dúró sí i láyà gbagidi, itọ́ wá ń hó lẹ́nu ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ títí tó fi bì í. Ẹ̀bà náà nìyẹn. Gàrí mímu ńkọ́? Ohun tó ń wú nínú omi, ẹ fẹ́ dà á síbi tí kò gbà ju síbí méjì lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ yẹn rárá.

Ó ti ń jẹ àmàlà padà báyìí o, díẹ̀, èyí tó rọ̀, pẹ̀lú ewédú, àmọ́ ó di ìgbà tó bá ti jẹ ẹja ẹ̀ tán. Ètò oúnjẹ ti yí padà pátápátá, ẹja tàbí ẹran ló ń ṣíwájú, ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, òkèlè ló kẹ́yìn tí àyè bá ṣì wà. Bẹ́ẹ̀ nílé wa ẹran ni à ń fi parí oúnjẹ, wọ́n tiẹ̀ máa ń na ọmọ tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹran, wọ́n á ní olójúkòkòrò ni. Ẹ wá wo ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ń kọ́ oúnjẹ jíjẹ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì tún pè é ní ọ̀lẹ.

Omi ńkọ́. A kì í gbé oúnjẹ ka iwájú àgbà láìgbé omi tì í, àmọ́ ẹni yìí ò gbọdọ̀ mumi mọ́ oúnjẹ, ó máa dúró tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ mu tó lítà kan àbọ̀ sí méjì kílẹ̀ tó ṣú, ìyẹn ni pé láti àárọ̀ ló ti ń gbé ìgò omi kiri. Púrótéènì náà wà ńbẹ̀, 60 sí 80 gíráàmù lójúmọ́ ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Ẹyin kan ò ju nǹkan bíi 6 gíráàmù lọ, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fún ẹni tí ẹyin kan ṣoṣo ń yó. Mọ́ínmọ́ín ló gbà wá lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹja tútù, ẹ̀wà tó jinná rọ̀, yoghurt tí kò ní ṣúgà. Ṣàkì àti pọ̀nmọ́ máa ń há, pọ̀nmọ́ ò sì ní púrótéènì tó péye bó ti wù kó dùn tó. Irun máa ń já láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ó wọ́pọ̀ gan-an, ó sì ń hù padà, ẹ má torí ẹ̀ sáré lọ bá wòlíì.

Ṣúgà tún ní wàhálà tiẹ̀, pàápàá fún àwọn tó ṣe bypass. Ìgò málítì kan, ògì tí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n òógùn á bò ó, àyà ẹ̀ á máa lù kìkì, inú á máa lọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e. Dumping ni wọ́n ń pè é. Ṣúgà ló já wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró níbì kankan, omi ara wá rọ́ lọ bá a. Oríṣi kejì máa ń wá ní wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ jù, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní ayé ló ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà. Kì í ṣe ayé, ohun tó mu ni.

Wàyí o, "kò lè sanra mọ́ láéláé". Àwọn ará Sweden bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1987, SOS ni wọ́n ń pè é, àwọn èèyàn tó lé díẹ̀ ní 2,000 tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn tó sanra bíi tiwọn àmọ́ tí wọn ò ṣe é. Láàárín ọdún kan sí méjì, àwọn tó ṣe bypass ti sọ nǹkan bí 32% ìwọ̀n ara wọn nù. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́wàá, ó ti kù sí 25%. Ká ní 120 kílò lèèyàn wọ̀n tẹ́lẹ̀, ó jò dé bí 82, ó wá gòkè padà sí 90. Al Roker tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n l'Ámẹ́ríkà ṣe bypass ní 2002, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fáráyé pé nígbà tí ìyá òun ń ṣàìsàn tó gbẹ̀mí ẹ̀, nǹkan bíi 40 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi kílò 18, ló padà sára òun. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àpòlúkù ló fà á. Ohun tó máa ń dá sísanra padà kì í sábà jẹ́ àmàlà, torí àmàlà á há. Chin-chin ni, bísíkíìtì, áísíkiriìmù, puff-puff, àwọn nǹkan tó ń yọ́ wọlé láìgba àyè, tí èèyàn lè máa jẹ láti òwúrọ̀ dalẹ́ láìyó.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má bọ́ sí irọ́ kejì, pé "gbogbo wọn náà ló ń padà sanra, owó ṣòfò". Kílò 30 tí kò padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kì í ṣe nǹkan kékeré, nínú ìwádìí yẹn kan náà sì rèé, àwọn tó kú nínú àwọn tó ṣe é kéré sí àwọn tó kú nínú àwọn tí ò ṣe é.

Ibi tí oúnjẹ fò kọjá nínú bypass tí mo ní kẹ́ ẹ rántí yẹn, ibẹ̀ ni ara ti máa ń fa èyí tó pọ̀ nínú áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ̀mù jáde látinú oúnjẹ, ohun tó wà nínú àpòlúkù la sì nílò ká tó lè rí fítámì B12 lò. Ìdí nìyẹn tí fítámì fi di ti ìgbà ayérayé, ẹ̀gbọ́n mi ń gba abẹ́rẹ́ B12 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lọ́dọọdún. Àwọn kan ti ní kó fi àgbo rọ́pò ẹ̀. Àgbo ò lè ṣe é. Ibuprofen tí gbogbo wa ń rà láìbi dókítà, òun náà ò dáa fún ẹni tó ṣe bypass, ó ń dá egbò síbi tí wọ́n so ìfun mọ́. Ọtí máa ń tètè gun irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì tí kì í mutí tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀mùtí lẹ́yìn ọdún kejì. Obìnrin tó bá ṣì ń bímọ gbọ́dọ̀ sún oyún síwájú fún bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, kó sì bi dókítà nípa fètò-sọ́mọ-bíbí tó ń lò, torí ara lè má gba oògùn oníhóró bó ṣe yẹ mọ́.

Àwa tó yí wọn ká náà ń dá kún ìṣòro wọn. Ìfẹ́ wa, inú abọ́ ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi dé ilé ní Ìbàdàn, "háà, o ti rù o, kí ló ń ṣe ẹ́?" lẹ́nu gbogbo ìdílé, àwọn màmá wá ń bu ìrẹsì bò ó lórí, tó bá ní òun ti yó ojú wọn á yí padà, ó dà bí ẹni pé ó kọ ọwọ́ wọn ni, ṣé èèyàn á wá wo ojú ìyá ọkọ ẹ̀ kó ní òun ò jẹ mọ́ lẹ́yìn síbí mẹ́ta? Ó jẹ ẹ́. Ó lọ bì í. Ẹ jọ̀ọ́, tí irú wọn bá wá kí yín, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n lè jẹ, ẹ bù ú sí abọ́ kékeré, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Èébì tó ń wá lọ́jọ́ tí èèyàn bá jẹun kíákíá jù ọ̀tọ̀ o. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń bì, tí omi pàápàá ò dúró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ara ló ń mọ́ ọn lára. Fítámì B1 máa ń tètè tán lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó bá tán, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ojú á máa rí nǹkan ní méjìméjì, ẹsẹ̀ á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, ohun tẹ́ ẹ sì máa kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá bá lẹ́nu ọ̀nà ni pé ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù rí, ẹ sọ irú èyí tó ṣe àti ọdún tó ṣe é, kí wọ́n lè fún un ní B1 kí wọ́n tó fa omi onísúgà sí i lára.