Fáìlì Oníṣẹ́ VFX Kì Í Ṣe Ohun Ìdógò

Ọdún méjì ó dín díẹ̀ ni àjọ CMA, tó ń mójú tó ìdíje ọjà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi wádìí ọ̀rọ̀ cloud. Èsì tó gbé jáde lọ́jọ́ 31 oṣù keje ọdún 2025 sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀ pé ìdíje ò rìn bó ṣe yẹ láàárín àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé kò rọrùn fún oníbàárà láti kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí wọ́n dámọ̀ràn ni pé kí àjọ kan náà tún ronú sí ìwádìí mìíràn. Ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí i, kí ló tún kù tó fẹ́ wádìí?

Bí wọ́n ṣe ń fòní dónìí, tí wọ́n ń fọ̀la dọ́la, àwọn tó ń ta sọ́fítíwìà fún àwọn oníṣẹ́ VFX, ìyẹn àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àrà sínú àwòrán fíìmù, kò dúró dè wọ́n. Lọ́dún 2013 ni Adobe kéde pé lẹ́yìn CS6, àkójọ sọ́fítíwìà rẹ̀ fún àwọn ayàwòrán, kò ní sí ẹ̀dà tuntun àkójọ náà tí ènìyàn lè rà tán lẹ́ẹ̀kan mọ́. Autodesk tẹ̀ lé e lọ́dún 2016. Nígbà yẹn, bí a ṣe ń sanwó nìkan ló yí padà. Orí kọ̀ǹpútà oníṣẹ́ náà ni iṣẹ́ ṣì wà. Lónìí, inú bùráúsà ni Flow Studio tí Autodesk ń tà ti ń ṣiṣẹ́: ènìyàn á gbé fídíò rẹ̀ lọ sórí server wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n á sì máa yọ kírẹ́díìtì rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ìlò tó ní, díẹ̀díẹ̀.

A ò bá cloud jà. Sítúdíò kékeré tí kò lágbára àtira ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà lè yá wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí iṣẹ́ bá ń lé e, kó sì dá wọn padà. Àǹfààní gidi nìyẹn. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń wí, tí a ó sì tún wí, ni pé fáìlì tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣí lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ì báà wà, ì báà má sí, láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ mú fáìlì kan láti inú Nuke, sọ́fítíwìà tí wọ́n fi ń to àwòrán VFX pọ̀, ẹ fi Notepad ṣí i. Ẹ ó rí Read, ẹ ó rí Grade àti Merge2, tí wọ́n jẹ́ orúkọ àwọn ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹ ó sì rí òǹkà rẹpẹtẹ lábẹ́ Roto. Òǹkà wọ̀nyẹn ni ibi tí ẹnì kan ti fi odindi òru tọ etí irun òṣèré, fírémù kan tẹ̀ lé èkejì. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí láísẹ́ǹsì, ìyẹn àṣẹ láti lo sọ́fítíwìà náà, bá ti kú, àwòrán kankan ò ní jáde. Èyí ṣì sàn o. Irinṣẹ́ tó jẹ́ pé orí server olùtà nìkan ló ń gbé, oníṣẹ́ lè máà rí ọ̀rọ̀ lásán yẹn pàápàá mú dání.

Ẹrù náà tún wúwo. Fírémù kan ní EXR, irú fáìlì àwòrán tí àwọn oníṣẹ́ VFX ń lò, tó jẹ́ 4096 ní 2160, tó ní chánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ní 16-bit, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 71 MB kí a tó fún un pọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá kan fíìmù, ìyẹn fírémù 24, jẹ́ 1.7 GB. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé 100 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá, yóò lé ní ìṣẹ́jú méjì kó tó gòkè tán, ìpele àwòrán kan ṣoṣo la sì ń sọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fíìmù ló sì ń pa á láṣẹ pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù tí kò tíì jáde kò gbọdọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì. Olùtà ní kí oníṣẹ́ wá sórí cloud, ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ní kò gbọdọ̀ débẹ̀. Kí ni kó ṣe?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ojú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọ Creative Cloud, ibi tí Adobe ti ń ta sọ́fítíwìà rẹ̀ lówó oṣooṣù, bàjẹ́ fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Adobe kéde fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Venezuela pé òun máa ti àkáǹtì wọn pa nítorí àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n yí i padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ayàwòrán tó ń sanwó rẹ̀ déédéé ṣẹ̀? Nígbà tí Autodesk kéde òpin Softimage, sọ́fítíwìà 3D kan tó ń tà, lọ́dún 2014, ẹni tó ti rà á tán ṣì ń rí iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ ṣí. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Onílé lè ní kí ayálégbé kó jáde. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù rẹ̀.

Àwọn aṣòfin ńkọ́? Òfin California tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025 ní kí olùtà má pe láísẹ́ǹsì ní ohun tí ènìyàn rà láì là á yé e pé láísẹ́ǹsì ni, ó sì yọ àwọn tó ń gba owó oṣooṣù sílẹ̀, àwọn gan-an tí ọ̀rọ̀ kàn. Data Act ti Yúróòpù sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2027, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ oníbàárà nítorí pé ó ń kó dátà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí yóò ṣí dátà náà ńkọ́? Ó ti sú wa kí wọ́n máa ṣe òfin tó ń dúró sí ẹnu ọ̀nà.

JetBrains, tó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ sọ́fítíwìà, ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ẹni tó bá sanwó oṣù 12 léraléra ló ní ẹ̀dà kan tí yóò máa lò títí lọ, bí kò tilẹ̀ sanwó mọ́. Kí Autodesk, Adobe, Foundry tó ni Nuke, àti Maxon tó ń ta sọ́fítíwìà 3D, ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀dà náà sì máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn sítúdíò ńlá ní agbára tí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ kò ní. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn kí wọ́n tó tún buwọ́ lùwé. Ní ti CMA, ẹ̀rí wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. Kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.