Àtúnṣe Kọ́ Ló Ń Pa Ohùn Gìtá Àtijọ́

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́nu ẹni tó ti pẹ́ nídìí orin: ó ní gìtá Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n bá ti yọ ọrùn rẹ̀ láti tún un ṣe, ohùn rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, nítorí òun ló ń mú kí àwọn ènìyàn fi gìtá tó dára gbé ara ògiri títí tí yóò fi bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú J-45, gìtá tí ilé-iṣẹ́ Gibson bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, lọ́dún 1942. Okùn onírin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fi agbára tó ju ìwọ̀n kílógírámù 60 lọ fa ọrùn rẹ̀ síwájú tọ̀sán-tòru. Bọ́dún ti ń gorí ọdún, ọrùn á tẹ̀ síwájú, okùn á ga jù, ìka á sì máa dun ẹni tó ń ta á. Olówó rẹ̀ á wá máa fá egungun tí okùn gùn lé lórí bíríìjì, ìyẹn igi tó di okùn mú lójú pátákó iwájú, kí okùn lè wálẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn ti ń lọ: bí egungun náà bá ti rẹlẹ̀ jù, okùn kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́, gbígbọ̀n rẹ̀ kò sì ní dé ara pátákó iwájú bó ṣe yẹ. Ọ̀pá irin inú ọrùn kò ran èyí, nítorí ó lè mú ọrùn tó wọ́ tọ́, ṣùgbọ́n kò lè yí ibi tí ọrùn ti wọnú àpótí padà. Àfi kí oníṣẹ́ fi oru omi gbígbóná tú gúlù oríkèé náà, kó fá ìdí ọrùn díẹ̀díẹ̀, kó sì tún un lẹ̀.

Nígbà tí mo ra J-45 tèmi, ti àwọn ọdún 1950, ohùn rẹ̀ há bíi ti àpótí ìṣáná. Méjì nínú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé pátákó iwájú ró nínú ti ṣí, wọ́n sì ń dún rìrì nígbàkígbà tí mo bá ta okùn tó nípọn jù. Lẹ́yìn tí wọ́n lẹ̀ wọ́n padà, tí wọ́n sì tún ọrùn ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ báàsì rẹ̀ láyà mi.

Wọ́n á ní gúlù àkọ́kọ́ ló so ohùn mọ́ igi. Gúlù tó ti ṣí kò so nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Mo gbà pé ẹni tó bá kun pátákó iwájú ní fáníìṣì tó nípọn, tàbí tó fi pákó ńlá rọ́pò èyí tó wà lábẹ́ bíríìjì, yóò dín ohùn kù. Ṣùgbọ́n àìmọṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ rà, ẹ wo gíga egungun orí bíríìjì, ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ fetí sí inú àpótí, kí ẹ sì béèrè ẹni tó tún un ṣe.