Ẹ Ṣí Kọ́bọ́ọ̀dù Yẹn, Kí Ẹ sì Ka Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ti ṣe ìpàdé wọn tán lórí ìwé ìtàn mẹ́ta tí àjẹ́ wà nínú wọn, tí wọ́n kó kúrò ní yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ibi tí wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi í sí. Ìwé ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àgádágodo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ní kí ará ìlú fọkàn balẹ̀, àwọn ti ṣe ohun tó yẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni akọ̀ròyìn wa bi wọ́n: ta ni ó ka ìwé náà nínú yín? Ẹni tó gbẹnu sọ fún wọn dáhùn pé àwòrán tó wà lára èèpo ìwé ti tó òun.

Èsì yẹn ni kò jẹ́ ká lè dákẹ́. Ìgbà kẹta nìyí tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ mú ìwé kúrò níwájú ọmọ, kó kọ́kọ́ jókòó kà á, kó kọ ohun tó rí níbẹ̀ sórí bébà, kó sì fọwọ́ sí i. A sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kó ìwé ìtàn Yorùbá jáde nítorí ọfọ̀ tó wà nínú rẹ̀. A tún un sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìwé tó ń ṣàlàyé nǹkan oṣù fún àwọn ọmọbìnrin. Nígbà méjèèjì, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ lóòótọ́, a kì bá tí padà sídìí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kẹta.

Àwa ti ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìkejì gùn ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìkẹta sì pọ̀ débi pé a kò ní fi lé ọmọ ọdún méjìlá lọ́wọ́. Ohun tí a rò nìyẹn lẹ́yìn tí a kà á, a sì lè jókòó bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí, ojú ewé sí ojú ewé. Ẹni tí kò kà á, kí ni yóò fi bá wa jiyàn?

Ẹ̀rù àwọn òbí yé wa. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun wá bá wa ní ọ́fíìsì, ó jókòó, kò tètè sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ òun kò lè sùn mọ́ láìtan iná, àti pé nígbà tí òun gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé tí ọmọ náà ń gbé káàkiri, àyà òun já. Níbi tí wọ́n ti tọ́ òun, a kì í pe orúkọ àjẹ́ lásán. Àwọn ìyá ni à ń pè wọ́n, ẹni tó bá sì jókòó yóò gbé ìdí sókè díẹ̀. Ó ní, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹ̀yin ò mọ òwe yẹn ni?” A mọ̀ ọ́n. Ìyá yìí ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kà, ó sì ní ẹ̀tọ́ kí tíṣà pè é jókòó, kó ṣàlàyé fún un. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún un. Wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọmọ náà kò tíì yé tan iná sùn.

Àwọn tí a kò bi léèrè rárá nínú gbogbo ìjà yìí ni àwọn ọmọ tó ka ìwé náà.

Tíṣà tó ń bójú tó yàrá ìkàwé yẹn ní ìwé kíkọ kan, olójú ewé ọgọ́ta, tí èèpo rẹ̀ ti fẹ́ já. Òfin rẹ̀ ni pé ọmọ tó bá ka ìwé kan tán, kó kọ èrò rẹ̀ sínú rẹ̀ kó tó gba òmíràn. Ó fi bébà lẹ orúkọ àwọn ọmọ pa kó tó jẹ́ ká wò ó. A jókòó tì í fún odidi ọ̀sán kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwa la yí i sí Yorùbá.

Ọmọkùnrin kan bínú sí òǹkọ̀wé nítorí pé ó pa ẹni tó ń pa àwọn yòókù lẹ́rìn-ín. Ó tẹ báírò mọ́ bébà títí bébà fi lu. Ọmọ mìíràn kọ ọ́ pé, “Mo dá a dúró ní orí karùn-ún nítorí ẹ̀rù bà mí. Màá parí rẹ̀ nígbà ọlidé tí màmá mi bá wà nílé.” Òmíràn ní, “Bàbá mi ní kí n má kà á. Mo kà á. Mo ṣì ń gbàdúrà mi.” Ọ̀kan tiẹ̀ bèèrè ohun tí àwa àgbà tí a kà á kò rò: “Kò sẹ́ni tó ń dáná nínú ìwé yìí. Kí ni wọ́n ń jẹ?” Ẹni tó ń kàwé pẹ̀lú làákàyè nìyẹn. Bí ọmọ bá ti lè bi ìwé ní irú ìbéèrè yẹn, ìwé kò lè mú un lẹ́rú.

A wá dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2. Ó ń sọ nípa ibi tí gbogbo abúlé ti péjọ lé àjẹ́ kékeré inú ìwé kìíní lórí. Ó kọ ọ́ báyìí: “Wọn ò bi í. Wọ́n pariwo, wọ́n sọ̀kò, kò sẹ́nì kankan tó bi í pé ṣé ìwọ lo ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ìyá àgbà mi.” Kò kọ ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ojú ewé yòókù ni báírò pupa tíṣà kàn. Kò kan ibẹ̀ yẹn.

A ka ìwé kíkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò rí ọmọ kan ṣoṣo tó kọ ọ́ pé òun fẹ́ di àjẹ́. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn rí nínú ìtàn náà ni ìdájọ́ tí a ṣe láìgbọ́ ẹnu ẹni tí a ń dá lẹ́jọ́. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún rí i. Àwọn tí ìjọba ń sanwó oṣù fún kí wọ́n máa bójú tó ẹ̀kọ́ kò rí i, ohun kan náà ni wọ́n sì wá fi ìwé náà ṣe.

Bàbá kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Tàkìé ṣe ohun tó yàtọ̀. Nígbà tó gbọ́ ariwo, ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá, kó máa kà á sí òun létí lálẹ́. Ọmọ á kà, á túmọ̀, bàbá á dá a dúró, á bi í pé kí ló dé tí ẹni yẹn fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún wa pé láti ìgbà tí ọmọ náà ti wọ girama, òun kò bá a sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá yìí kò fẹ́ràn ìwé náà. Ó ní àwọn ọmọ inú rẹ̀ ya aláfojúdi. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Apá kan nínú wàhálà yìí, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ni. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì dé Ẹ́kísódù orí 22 ẹsẹ 18, àjẹ́ ni wọ́n fi dípò ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní witch, láti ìgbà náà ni orúkọ kan ti ń ru ẹrù méjì. Àjẹ́ kékeré inú ìwé kìíní, ọmọ ilẹ̀ olótùútù ni, ewé àti àbẹ́là ló fi ń ṣe tirẹ̀. Kò bá àwọn ẹlẹyẹ tí Ifá ń sọ ìtàn wọn nínú Odù Ọ̀sá Méjì tan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn ìyá tí àwọn ará Kétu àti Yewa ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún láti tù wọ́n lójú. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn láti 2001 gẹ́gẹ́ bí ìṣúra àjogúnbá gbogbo aráyé. Tíṣà tó mọṣẹ́ lè fi ìyàtọ̀ yìí nìkan kọ́ kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ á mọ Gẹ̀ẹ́sì sí i, wọ́n á sì mọ Yorùbá sí i.

Wọ́n ní ìwé tí àjẹ́ wà nínú rẹ̀ kò yẹ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń tọ́ ọmọ ní ọ̀nà Ọlọ́run. Kí wọ́n rántí Fágúnwà. Ilé ìtàwé CMS ní Èkó, ilé ìtàwé ti ìjọ, ló gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Tíṣà ló kọ ọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's tó wà ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín ló sì ti kọ́ṣẹ́. Àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-oògùn nínú ìwé náà, ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ni ó ti sọ ọ́ láìfi bò. Ìjọ tà á, tíṣà kà á sí wa létí ní kíláàsì, a sì fi ṣe ìdánwò. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nídìí àṣẹ yìí ló lè ka àkàtúnkà rẹ̀ lórí títí di òní. Ta ni ó sọ di àjẹ́ nínú wọn?

Ìlú tiwa gan-an, orí tí Ògúnlọlá bẹ́ ló fún un ní orúkọ. Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. A ń sọ ọ́ fún ọmọ ọdún márùn-ún, ó ń pàtẹ́wọ́. A kò gbọ́ ọ rí pé kí òbí kan ní kí a fi ìtàn náà pamọ́ nítorí kí ọmọ má baà máa bẹ́ orí kiri. Ìlú tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, wọ̀ ní 1855, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀ sí ní 1898, tí yunifásítì LAUTECH wà nínú rẹ̀ láti 1990, ìlú ìwé ni. Ojú ń tì wá pé níbẹ̀ ni a ti ń fi èèpo dá ìwé lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ọmọ yẹn, nítorí a kò lè kà á kí a sì ṣí ojú ewé kọjá. Òfin ìwà ọ̀daràn orílẹ̀-èdè yìí, abala 210, sọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn, tàbí tó halẹ̀ pé òun yóò fi kàn án, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ní oṣù Keje 2021, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lórí ọ̀ràn kan náà, pé kí gbogbo ìjọba fòpin sí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn tí a fẹ̀sùn àjẹ́ kàn. A mọ àwọn ilé tí wọ́n ti lé ìyá arúgbó síta nítorí pé oyún ìyàwó ọmọ rẹ̀ bàjẹ́. A mọ àwọn ibi àdúrà tí wọ́n ti na ìka sí ọmọdé níwájú ìjọ. Ọjọ́ wo ni àwọn aláṣẹ pe ìpàdé lórí ìyẹn? Ọjọ́ wo ni wọ́n sáré bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbé àgádágodo jáde, tí wọ́n ní kí ará ìlú fọkàn balẹ̀? Ìwé bébà tí kò lè pa eṣinṣin, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ṣèdájọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ẹlẹ́ran ara tí wọ́n sọ lókò, kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà kan nítorí rẹ̀. Ó ti sú wa. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga yẹn, ọmọ ọlọ́mọ ti kọ ọ́ sínú ìwé fún yín, ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láàárín ọ́fíìsì yín àti yàrá ìkàwé náà tí ẹ kò fi lè rìn ín lọ kà á?

Ohun tí a ń fẹ́ kò ṣòro. Kí wọ́n dá ìwé kìíní àti ìkejì padà sórí pẹpẹ. Kí ìkẹta wà fún àwọn ọmọ SS nìkan, kí òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun kà á kọ lẹ́tà, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún lẹ́tà rẹ̀. Kí wọ́n yan tíṣà méjì àti òbí mẹ́ta, kí àwọn márààrún ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n kọ èrò wọn, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé níbi tí ìyá eléèlùbọ́ àti bàbá tó ń tún ọ̀kadà ṣe ti lè rí i. Bí wọ́n bá kà á tán tí wọ́n sì ní kí a kó o jáde, àwa yóò tẹ èrò wọn jáde lódindi, a ó sì fèsì. Kí tíṣà tó ń bójú tó yàrá ìkàwé má sì jìyà kankan nítorí pé ó ní kí àwọn ọmọ máa kọ èrò ọkàn wọn. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní irú tíṣà bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, à bá máa kọ nǹkan mìíràn lónìí.

Ọmọ SS2 yẹn ti ka ìkejì dé àárín nígbà tí wọ́n wá kó wọn. Igi ìgbálẹ̀ kan ló fi sàmì síbi tó dé. Tíṣà sọ fún wa pé ó ṣì wà nínú ìwé náà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àti pé ní ìgbà méjì ni ọmọ náà ti wá bèèrè bóyá wọ́n ti ṣí i.