Tẹ́ ẹ bá máa bú ẹran lábù, ẹ bú u dáadáa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ẹran tí wọ́n ń ṣe nínú lábù yìí ti fẹ́ sú mi o. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti gbé fídíò ẹ̀ síta, ohun kan náà lẹ máa ń kọ sábẹ́ ẹ̀: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," "òyìnbó fẹ́ pa wá tán," "ẹran tí ò ní ìyá tí ò ní bàbá." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìdí tẹ́ ẹ fi ń kọ̀ ọ́ yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wà níbẹ̀ tí ẹ ò dárúkọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ tó ń bínú rò pé kẹ́míkà lásán ni wọ́n ń pò pọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ẹran gidi ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé bíńtín lára màálù tàbí adìẹ, wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí tó para pọ̀ di ara, wọ́n á kó o sínú táńkì irin tí omi inú ẹ̀ ní ṣúgà, iyọ̀, fítámì àti àwọn èròjà tí ara fi ń di ẹran, wọ́n á jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí inú ara màálù ṣe máa ń lọ́, ọ̀kan á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni títí á fi pọ̀ tó nǹkan tí èèyàn lè fi sẹ́nu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mark Post láti Yunifásítì Maastricht nílẹ̀ Netherlands ló gbé bọ́gà àkọ́kọ́ síta fáráyé rí ní Lọ́ńdọ̀nù, lóṣù kẹjọ 2013. Bọ́gà kan ṣoṣo o, nǹkan bíi 250,000 yúrò ló ná wọn, Sergey Brin tó wà lára àwọn tó dá Google sílẹ̀ ló sì gbówó kalẹ̀. Àwọn tó tọ́ ọ wò lọ́jọ́ náà ní ó jọ ẹran lóòótọ́, àmọ́ kò sọ́ràá nínú ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ lómi lẹ́nu. Kódà ẹran ọ̀hún ò pupa fúnra ẹ̀, omi beetroot ni wọ́n fi pa á láró.

Ẹ wá ní ó ń rí yín lára. Ẹ̀yin wo? Àwa tá à ń jẹ pọ̀nmọ́?

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń sun pọ̀nmọ́ láàárọ̀ kẹ́ ẹ wo nǹkan tí wọ́n fi ń dáná. Níbi púpọ̀, táyà mọ́tò ni. Èéfín á ṣú dùdù, ojú á máa ta èèyàn, wáyà inú táyà nìkan ló máa ṣẹ́kù sínú eérú, wọ́n á yí awọ náà síbí yí i sọ́hùn-ún títí irun á fi jóná tán, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha á, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, á wú, á funfun, ìyá oníṣòwò á tò ó sórí àtẹ, èmi náà á rà á, màá sì jẹ ẹ́ tán kí n tún máa lá ìka. Lọ́dún 2022 tí ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ awọ ní Zaria sọ pé kí wọ́n fòfin de pọ̀nmọ́, pé awọ tó yẹ kó di bàtà là ń kó sẹ́nu, ẹ rántí ariwo tá a pa? Gbogbo wa la di agbẹjọ́rò pọ̀nmọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Adìẹ agríìkì náà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ péré ni bròílà fi ń tó pa. Àwọn àgbà ilé wa bú u nígbà tó dé, wọ́n ní kò le lẹ́nu, wọ́n ní omi lásán ni, lónìí ẹ lọ wo abọ́ ìrẹsì níbi ìnáwó kẹ́ ẹ sọ adìẹ tó wà lórí ẹ̀ fún mi. Ẹja inú yìnyín tí wọ́n ń pè ní òkú Èkó, òun la wá ń dín tá a fi ń ṣe àlejò lẹ́nu. Tọ́kí tí ìjọba ní kò gbọdọ̀ wọlé, tó ń gba ojú ọ̀nà Kùtọnu wọlé lóru, tẹ́nikẹ́ni ò mọ ìgbà tí wọ́n pa á, ẹ ò bi í léèrè ìyá àti bàbá ẹ̀. Torí náà, ìríra kọ́ nìyẹn jàre, ojú wa ni ò tíì mọ́ ọn.

Àwọn tó fòfin dè é lókè òkun náà, ẹ má rò pé torí ìlera ni ṣáá. Ítálì fòfin dè é lóṣù kọkànlá 2023, owó ìtanràn lè tó 60,000 yúrò, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló sì ti ìjọba lẹ́yìn gbágbáágbá. Florida tẹ̀ lé e lóṣù karùn-ún 2024, gómìnà Ron DeSantis sì sọ ọ́ síta pé àwọn tó ń sin màálù nípìńlẹ̀ òun lòun ń gbèjà. Bẹ́ẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ti fún iléeṣẹ́ méjì, Upside Foods àti GOOD Meat, láṣẹ láti tà á ní 2023. Singapore tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lágbàáyé, ní 2020, ìdí tiwọn yàtọ̀: ìlú kékeré ni, ilẹ̀ oko ò sí, oúnjẹ tó ń tòkèèrè wá lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọkọ̀ ojú omi ò bá dé wọ́n á pebi. Ẹni kọ̀ọ̀kan ń wo àpò ara ẹ̀ ni.

Ó dáa, kí la wá lè fi bú u?

Àkọ́kọ́, irọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń polówó ẹ̀ pé kò sẹ́ran kankan tó kú níbẹ̀. Omi tí sẹ́ẹ̀lì yẹn fi ń dàgbà níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lára nǹkan inú ẹ̀ ni omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màálù tí wọ́n yọ nínú ìyá ẹ̀ nígbà tí wọ́n pa ìyá. Ẹ rò ó wò. Ó wọ́n bí ojú, òun náà sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹran ọ̀hún wọ́n, torí ẹ̀ làwọn iléeṣẹ́ fi ń sá kúrò nídìí ẹ̀, Singapore sì fún GOOD Meat láṣẹ ní 2023 láti lo omi tí ò ní in. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ mọ nǹkan tó wà nínú táńkì kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ jàre o. Ìgbìmọ̀ àwọn ààfáà Singapore pàápàá, ní 2024, tí wọ́n ní ó lè jẹ́ hàláàlì, wọ́n ní àfi tó bá jẹ́ ẹran tó tọ́ fún Mùsùlùmí ni sẹ́ẹ̀lì ti wá, tí nǹkan èèwọ̀ ò sì sí nínú ẹ̀. Ti Iléyá ò tiẹ̀ sí nínú àríyànjiyàn. Ta ló máa dá táńkì dùbúlẹ̀?

Ìkejì, wọ́n ń fi orúkọ ẹran ta nǹkan míì. Ní 2024, adìẹ tí GOOD Meat gbé sórí àtẹ ní Singapore, tá a bá pín in sí ọgọ́rùn-ún, ìdá mẹ́ta péré ni sẹ́ẹ̀lì adìẹ nínú ẹ̀, nǹkan ọ̀gbìn ni ìyókù. Mẹ́ta! Ẹ jẹ́ kí alápatà Bódìjà dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú màmá mi.

Èyí tó wá ká mi lára jù rèé, àfi bíi pé àwọn tó ṣe kiní yìí ò mọ irú wa láyé. Àwọn ń ṣe ẹran ara nìkan, èyí tí wọ́n lè lọ̀ sínú bọ́gà. Àwa ṣé ẹran ara nìkan là ń rà ni? Ẹ dúró nídìí tábìlì alápatà kẹ́ ẹ gbọ́: ẹnì kan á ní kó gé ṣàkì mọ́ ọn, òmíràn á ní abọ́dí lòun fẹ́, kó má ṣe já ọ̀rá ẹ̀ dànù, ìyá kan á na ọwọ́ sí ẹ̀dọ̀, á tẹ̀ ẹ́, á ní ti àná nìyí, alápatà á búra, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, á wá ju fùkù díẹ̀ lé e pé èènì nìyẹn. Bọ́kọ́tọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ìrù ń bẹ níbẹ̀, egungun tí wọ́n máa fa mùdùnmúdùn inú ẹ̀ mu ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí owó ẹ̀ ò tó ẹran ara á rí nǹkan gbé lọlé. Táńkì ò ní egungun, kò ní ìfun, kò sì ní èènì. Ká tiẹ̀ ní ó dọ́pọ̀ lọ́la, ẹran olówó ló máa jẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tún ń sọ pé tó bá dé, a ó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà màálù, pé ìparí oṣù kejì 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, nígbà táwọn tó ń kó màálù àti oúnjẹ wá láti òkè Ọya ní àwọn ò gbé nǹkan wá mọ́, ẹran wọ́n lọ́jà, ọ̀rọ̀ wá di ti Olúwa. Òótọ́ ni, ó ká èmi náà lára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, sẹ́ẹ̀lì inú táńkì ò ní nǹkan tó ń gbógun ti àìsàn bí ara màálù ṣe ní, kòkòrò kékeré kan tó bá wọ̀ ọ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ di ìdànù. Ooru ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ yẹ̀ tọ̀sán tòru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Pẹ̀lú iná ta ni? Ẹ bá mi ṣírò owó dísù. Ẹni tó bá lówó tó fi lè ṣe é, ọ̀kan tàbí méjì ni wọ́n máa jẹ́, wọn ò sì ní dúró bá wa ná an bí alápatà. Àwọn alápatà, àwọn tó ń wa tírélà, àwọn ìyá oníṣàkì, àwọn tó ń ra ìwo àti egungun, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹun lára màálù kan.

Èmi ò ní í sá fún un ṣá. Tí wọ́n bá gbé e síwájú mi tí wọ́n dín in dáadáa, màá jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Singapore tẹ́ ẹ bá rí i rà, ẹ bá mi tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbí bó ṣe rí lẹ́nu, ẹ má kọ́kọ́ da Maggi àti ata lé e lórí o, ká lè mọ adùn ẹ̀ gangan.