Wọ́n Tún Ti Ṣí ‘Space’ Tuntun

Bí ẹ bá ń gbé Èkó, tí wọn ò tíì fi ìwé ìpè ‘space’ kankan ránṣẹ́ sí yín lọ́dún yìí, ẹ yẹ fóònù yín wò, ó lè ti bàjẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ àwòrán ni, àmọ́ ẹ má pè é ní ilé àwòrán o. Wọ́n á wò yín bí ará oko. Èyí tí mo lọ ní Yábàá, yàrá méjì ni lókè ṣọ́ọ̀bù oníbátìrì. Wọ́n kun ògiri ní funfun, wọ́n wá fi wáyà sílẹ̀ kó máa rọ̀ lókè àjà. Nílé tiwa, ìṣẹ́ là ń pe ìyẹn. Gbogbo àlejò wọ dúdú bí ẹni wá ṣọ̀fọ̀.

Àwòrán adìẹ kan wà lára ògiri, adìẹ gidi, tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gùn ju ìwé ìpíngún lọ. Mo kà á tán, mo rí ‘ìdánimọ̀’, mo rí ‘ìrántí’, mi ò rí adìẹ. Mo bi kurétọ̀, ẹni tó ṣa àwòrán jọ, léèrè. Ó ní adìẹ kọ́ nìyẹn, ìbéèrè ni.

Wọ́n ní ayàwòrán fúnra ẹ̀ ló ń darí ibẹ̀. Wọn ò purọ́. Òun ló to àga, òun ló ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀, òun ló tún ń wá ibi páàkì fún àwọn olówó. ‘Ayàwòrán tó ń bọ̀ lọ́nà’ ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ irùngbọ̀n ẹ̀ ti ń hewú. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wo ló há sí láti ọjọ́ yìí?

Kì í kúkú ṣe pé nǹkan náà burú látilẹ̀. Lọ́dún 1962, Dúró Ládiípọ̀ eléré orí ìtàgé àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, sọ ilé ọtí Ládiípọ̀ ní Òṣogbo di ilé ọnà. Mbari ni wọ́n fẹ́ pè é, ọ̀rọ̀ Ìgbò. Àwọn ará Òṣogbo ní àwọn gbọ́, ‘Mbá rí, mbá yọ̀’. Jimoh Buraimoh, iná ló ń tàn fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ kó tó di ayàwòrán. Twins Seven Seven, ayàwòrán bíi tiẹ̀, ijó ló jó débẹ̀. Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí di ilé àwòrán. Tiwa ti dá a padà.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ayàwòrán gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sáré jáde. Gbogbo èèyàn tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Inú mi dùn, mo ní wọ́n á wá wo àwòrán wàyí. Ìmọ́lẹ̀ tó ogún ló kọjá lára ògiri, kò dúró, ó lọ balẹ̀ sórí àwo mósà àti itan adìẹ.

Nígbà tí iná fi padà, àwo ti mọ́. Ayàwòrán wọlé, epo bẹntiróò ń rùn lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyáàfin kan tó wọ dúdú nawọ́ sí i:

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, adìẹ ti tán o.”

Ògiri ló kọ́kọ́ sáré wò.